Sátẹ́láìtì Kékeré Gẹ́gẹ́ Bí Ìránṣẹ́ Àṣírí: Àyẹ̀wò Bí A Ṣe Ń Fi Hóró Ìmọ́lẹ̀ Pín Kọ́kọ́rọ́ Ẹnà

Ìfáàrà

Kò sí àwùjọ kan lábẹ́ ọ̀run tí kò ní ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ fi pamọ́. Ọba ní ìpinnu tí kò gbọdọ̀ dé etí ọ̀tá. Oníṣòwò ní iye tí kò fẹ́ kí abánidíje rẹ̀ mọ̀. Aláìsàn ní ohun tí ó yẹ kí dókítà nìkan gbọ́. Nígbà tí àwọn méjì bá wà nínú yàrá kan náà, ìṣòro kò pọ̀: wọn yóò ti ilẹ̀kùn, wọn yóò sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ìgbà tí ọ̀nà bá jìn, tí ó sì di dandan kí ẹlòmíràn gbé ọ̀rọ̀ náà rìn, ni ìṣòro bẹ̀rẹ̀.

Ní ayé òde òní, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń lo sátẹ́láìtì láti wá ojútùú sí ìṣòro àtayébáyé yìí. Ìmọ̀ tí wọ́n ń lò ni ìmọ̀ kúáńtọ́ọ̀mù, èyí tíí ṣe ẹ̀ka físíìsì tí ó ń ṣàlàyé ìwà àwọn ohun tí ó kéré jù lọ nínú ìṣẹ̀dá. Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, ìdí tí ó fi gba ojú ọ̀run kọjá, àti bí àwọn sátẹ́láìtì kéékèèké ṣe wọ inú rẹ̀. Kókó tí ó fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìmọ̀ tuntun yìí lè tú àṣírí amí tí ó ba lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìbéèrè nípa ìránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀: ṣé ó ṣeé fọkàn tán?

Àrokò, Ẹnà àti Ìṣòro Kọ́kọ́rọ́

Ọ̀rọ̀ àṣírí kì í ṣe àjèjì sí àwọn Yorùbá. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹni tí ó gbà á yóò mọ̀ pé ọkàn ẹni náà fà sí òun. Ohun tí ìránṣẹ́ rí lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju owó ẹyọ lọ. Bákan náà ni ẹnà: ẹni tí kò mọ òfin tí wọ́n fi ń ki sílébù bọ inú ọ̀rọ̀ yóò gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ìtumọ̀. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì ní àléébù kan. Bí àrokò bá bọ́ sọ́wọ́ àgbàlagbà tí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, àṣírí ti tú. Èyí tí ó burú jù ni pé àgbàlagbà náà lè wò ó tán, kí ó dá a padà sínú àpò bí ó ti wà, kí ẹni tí a rán an sí má sì mọ̀ pé ojú ẹlòmíràn ti kàn án.

Láti inú àpẹẹrẹ yìí, a lè ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀: ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi pamọ́, ẹnà tí a fi bò ó, àti kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń tú ẹnà náà. Lórí kọ̀ǹpútà, òǹkà 0 àti 1 ni kọ́kọ́rọ́. Ní ọdún 1949, Claude Shannon tẹ ẹ̀rí jáde pé bí kọ́kọ́rọ́ bá gùn tó ọ̀rọ̀ náà, tí a kò bá tẹ̀ lé ìlànà kankan nígbà tí a ń ṣà á, tí a sì lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí ọgbọ́n tí amí lè dá tí yóò fi tú ẹnà náà. Nítorí náà, ẹnà kọ́ ni ìṣòro. Bí kọ́kọ́rọ́ kan náà yóò ṣe dé ọwọ́ ẹni méjì tí wọ́n jìnnà sí ara wọn, láìjẹ́ pé ẹnì kẹta rí i, ni ìṣòro.

Ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń gbà yanjú èyí láti ọjọ́ pípẹ́ dá lórí ìṣirò tí ó rọrùn láti ṣe ṣùgbọ́n tí ó nira láti tú. Ó rọrùn láti sọ 61 àti 53 di ìlọ́po ara wọn kí a rí 3,233. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fún ní 3,233 nìkan yóò ṣe wàhálà kí ó tó mọ nọ́ńbà méjì tí ó bí i. Bí nọ́ńbà náà bá gùn tó ọgọ́rùn-ún mẹ́fà òǹkà, kò sí kọ̀ǹpútà òde òní tí ó lè tú u. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1994, Peter Shor fi hàn pé kọ̀ǹpútà tí ó bá ń fi òfin kúáńtọ́ọ̀mù ṣiṣẹ́ yóò lè tú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ láìpẹ́. Kò tíì sí èyí tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, amí tí ó bá ní sùúrù lè kó ọ̀rọ̀ tí a fi ẹnà bò lónìí jọ, kí ó tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ tí agbára yóò fi wà láti tú u. Àkọsílẹ̀ ìlera àti àṣírí ìjọba tí ó yẹ kí ó wà ní ìpamọ́ fún àádọ́ta ọdún ti wà nínú ewu láti òní lọ.

Ìwà Hóró Ìmọ́lẹ̀

Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣàn bí omi nìkan. Ó tún ń rìn ní hóróhóró, gẹ́gẹ́ bí àgbàdo tí ń bọ́ lára ṣúkù. Hóró ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni àwọn onímọ̀ ń pè ní fótọ́ọ̀nù. Hóró kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń mì bí ó ti ń rìn: ó lè mì ní òòró, ó lè mì ní ìbú, ó sì lè dagẹ̀rẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Asẹ́ kan wà tí ó lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín òòró àti ìbú. Òmíràn wà tí ó lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìdagẹ̀rẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì. Kò sí asẹ́ kan tí ó lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun ìyanu tí ó wà níbẹ̀ ni èyí. Bí hóró tí ó dagẹ̀rẹ̀ bá bọ́ sínú asẹ́ òòró àti ìbú, asẹ́ náà kò ní sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Yóò sọ ọ́ di òòró tàbí ìbú, bí ẹni tí ó ta owó ẹyọ sókè, ìdúró rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ yóò sì parẹ́ pátápátá. Wíwò fúnra rẹ̀ ni ó yí i padà. Ní ọdún 1982, William Wootters àti Wojciech Zurek, àti Dennis Dieks lọ́tọ̀, fi hàn pé kò ṣeé ṣe láti ṣe ẹ̀dà pípé fún hóró tí a kò mọ ìdúró rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, amí kò lè da hóró kan kọ kí ó fi ojúlówó ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ni ín. Àgbàlagbà tí ó wo àrokò tí ó sì dá a padà láìfi ojú ọwọ́ sílẹ̀ kò rí ààyè níbí.

Bí A Ṣe Ń Pín Kọ́kọ́rọ́ Náà

Charles Bennett àti Gilles Brassard ni wọ́n gbé ìlànà àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní ọdún 1984, níbi àpérò kan ní ìlú Bangalore ní Íńdíà. Kí ìlànà náà lè yéni, ẹ jẹ́ kí a mú Àjàní àti Àbẹ̀ní gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ.

Àjàní yóò máa ta hóró ìmọ́lẹ̀ sí Àbẹ̀ní lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún hóró kọ̀ọ̀kan, yóò ṣa ọ̀kan nínú ìdúró mẹ́rin náà láìtẹ̀ lé ìlànà kankan. Òòró àti ìdagẹ̀rẹ̀ ọ̀tún dúró fún 1, ìbú àti ìdagẹ̀rẹ̀ òsì dúró fún 0. Àbẹ̀ní pẹ̀lú yóò máa ṣa ọ̀kan nínú asẹ́ méjèèjì láìmọ èyí tí ó tọ́. Lẹ́yìn èyí ni àwọn méjèèjì yóò bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní gbangba. Àbẹ̀ní yóò sọ irú asẹ́ tí ó lò fún hóró kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò ní sọ ohun tí ó rí. Àjàní yóò sọ èyí tí ó bá tirẹ̀ mu. Wọn yóò da àwọn tí kò bára mu nù, ohun tí ó bá ṣẹ́ kù, tí yóò tó ìdajì, ni yóò di kọ́kọ́rọ́.

Bí amí bá ti wọ àárín wọn ńkọ́? Kò mọ asẹ́ tí ó tọ́, nítorí náà yóò ṣi asẹ́ lò ní ìdajì ìgbà. Nínú àwọn tí ó ṣì, ìdajì ni yóò dé ọwọ́ Àbẹ̀ní ní àṣìṣe. Nítorí náà, bí amí bá wo gbogbo hóró náà, ẹyọ kan nínú mẹ́rin lára kọ́kọ́rọ́ náà kò ní bára mu. Àjàní àti Àbẹ̀ní yóò yọ díẹ̀ nínú kọ́kọ́rọ́ náà sọ́tọ̀, wọn yóò fi wéra ní gbangba. Bí wọ́n bá fi 20 péré wéra, ó ku bí 3 nínú 1,000 kí amí náà tó lè bọ́ láìfara hàn. Bí àṣìṣe bá ti pọ̀ jù, wọn yóò sọ kọ́kọ́rọ́ náà nù, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò sí ohun tí ó sọnù, nítorí pé wọn kò tíì fi ọ̀rọ̀ kankan ránṣẹ́. Èyí ni ọgbọ́n tí ó wà nínú ìlànà náà: kọ́kọ́rọ́ ni a kọ́kọ́ ń rán lọ láti dán ọ̀nà wò, ọ̀rọ̀ kò ní gbéra títí a óò fi mọ̀ pé ọ̀nà mọ́.

Ìdí Tí Ọ̀rọ̀ Fi Di Ti Ojú Ọ̀run

Nígbà tí Bennett, Brassard àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kọ́kọ́ dán ìlànà yìí wò ní ọdún 1989, sẹ̀ǹtímítà 32 péré ni hóró ìmọ́lẹ̀ náà rìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo okùn dígí tín-ín-rín tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n okùn yìí máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Bí ó bá gùn tó kìlómítà 50, hóró 1 nínú 10 ni yóò dé òpin rẹ̀. Bí ó bá di 100, 1 nínú 100. Bí ó bá di 1,000, hóró 1 ni yóò dé nínú iye tí a kọ 1 tí òdo 20 sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ tí ń ta bílíọ̀nù 10 hóró ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan yóò ṣiṣẹ́ ju 300 ọdún lọ kí ẹyọ kan tó dé.

Nínú ìbánisọ̀rọ̀ lásán, ẹ̀rọ máa ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó ti rẹ̀ lójú ọ̀nà, a sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ó tún lágbára. Níbí, òfin tí ó dè amí ni ó dè oníṣẹ́ náà: kò sí ẹni tí ó lè ṣe ẹ̀dà. Ohun tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà láàárín Beijing àti Shanghai, lórí okùn tí ó tó 2,000 kìlómítà tí wọ́n ṣí ní ọdún 2017, ni pé wọ́n to ibùdó tí ó lé ní 30 sí ojú ọ̀nà. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ń gba kọ́kọ́rọ́, ó sì ń fi ẹnà tuntun bò ó lọ sí èkejì. Ibùdó kọ̀ọ̀kan mọ àṣírí náà, ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ṣọ́.

Ojú ọ̀run yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó bo ilẹ̀ ayé kò nípọn. Bí a bá ní kí gbogbo rẹ̀ ki bí ti orí ilẹ̀, kò ní ju nǹkan bíi kìlómítà 10 lọ. Ohun tí ó kù lókè jẹ́ òfìfo tí kì í gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Hóró tí ó bá ti òkè wá kò ní ju ìdíwọ́ díẹ̀ bá pàdé ní òpin ìrìn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtànṣán náà ń fẹ̀ sí i bí ọ̀nà ti ń jìn.

Láti Orí Sátẹ́láìtì Ńlá Dé Orí Kékeré

Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹjọ, ọdún 2016, orílẹ̀-èdè Ṣáínà fi sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sí òfurufú. Orúkọ Mozi, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ wọn, ni wọ́n fi pè é. Pan Jianwei ni aṣáájú iṣẹ́ náà. Sátẹ́láìtì náà lé ní kìlógíráàmù 600, ó sì ń yí ayé po ní nǹkan bíi kìlómítà 500 sókè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, àwọn adarí ilé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Beijing àti Vienna fi kọ́kọ́rọ́ tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ wá bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí ẹ̀rọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bíi kìlómítà 7,600 ni ó wà láàárín wọn. Anton Zeilinger wà lára àwọn tí ó sọ̀rọ̀ ní Vienna. Ní ọdún 2022 ni òun, Alain Aspect àti John Clauser jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ gba owó ńlá. Láti ọdún 1999 ni Jordi Puig-Suari àti Bob Twiggs ní Amẹ́ríkà ti gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ fún sátẹ́láìtì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́: àpótí tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní òòró, ní ìbú àti ní gíga. A lè to méjì tàbí mẹ́ta léra. Ibi tí a mọ̀ dunjú ni ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn tí ó ti jàǹfààní ìwọ̀n yìí. Ní ọdún 2017, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ àti Ilé-ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Kyushu ní Japáànù jọ fi NigeriaEduSat-1 ránṣẹ́ sí òfurufú. Kò gbé iṣẹ́ kúáńtọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ó jẹ́rìí pé àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ láti Nàìjíríà lè kọ́ irú àpótí bẹ́ẹ̀.

Ní Síńgápọ̀ ni wọ́n ti gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ hóró ìmọ́lẹ̀ sínú irú àpótí yìí. Ìgbìyànjú wọn kò kọ́kọ́ bọ́ sí i. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹwàá, ọdún 2014, rọ́kẹ́ẹ̀tì Antares tí ó gbé ẹ̀rọ wọn bú gbàmù ní Virginia láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ó gbéra. Nígbà tí wọ́n ṣa àfọ́kù jọ, wọ́n rí ẹ̀rọ náà, nígbà tí wọ́n sì tan iná sí i, ó ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2019, wọ́n fi SpooQy-1 ránṣẹ́. Àpótí mẹ́ta tí a tò léra ni, kò sì wúwo ju kìlógíráàmù 3 lọ. Nínú rẹ̀ ni ó ti ń bí hóró ìmọ́lẹ̀ ní ìbejì. Ìbejì wọ̀nyí ní àṣà kan: bí a bá fi asẹ́ kan náà wo àwọn méjèèjì, ìdáhùn ọ̀kan yóò máa bá ti èkejì mu, bí ó ti wù kí wọ́n jìnnà sí ara wọn tó. SpooQy-1 kò ta hóró rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi hàn pé irú ìbejì bẹ́ẹ̀ ṣeé bí nínú ohun tí ènìyàn lè gbé lọ́wọ́ kan. Ó jẹ́ iṣẹ́ náà kí ó tó jábọ́ láti òfurufú. Ní ọdún 2024, Jámánì pẹ̀lú fi QUBE, tí òun náà jẹ́ àpótí kékeré, ránṣẹ́ fún irú ìdánwò yìí.

Èyí tí ó sún mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà jù lọ ni ti Jinan-1, sátẹ́láìtì Ṣáínà tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní ọdún 2022. Kò tó kìlógíráàmù 100, ẹ̀rọ kúáńtọ́ọ̀mù inú rẹ̀ sì jẹ́ bíi 23. Ibùdó orí ilẹ̀ tí ń gba ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi kìlógíráàmù 100, ó sì ṣeé gbé láti ibì kan sí òmíràn. Ní ọdún 2025, àwọn onímọ̀ tẹ àbájáde kan jáde: Jinan-1 ti pín kọ́kọ́rọ́ láàárín Beijing àti Yunifásítì Stellenbosch ní Gúúsù Áfíríkà, tí ó jìnnà sí ara wọn ní kìlómítà 12,900. Nínú ìkọjá ẹyọ kan lórí ibùdó kan, tí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ó lè fún ni ní kọ́kọ́rọ́ tí ó ju mílíọ̀nù kan òǹkà lọ.

Ṣé Ìránṣẹ́ Ṣeé Fọkàn Tán?

Báwo ni sátẹ́láìtì kan ṣe ń so Beijing pọ̀ mọ́ Stellenbosch nígbà tí kò lè rí ìlú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ jẹ́ kí a gbà pé nígbà tí ó kọjá lórí ìlú kìíní, òun àti ìlú náà jọ ní kọ́kọ́rọ́ 7. Nígbà tí ó dé orí ìlú kejì, òun àti ìlú yìí jọ ní kọ́kọ́rọ́ 4. Lẹ́yìn náà ni yóò kéde ní gbangba pé ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 3. Ìlú kejì yóò fi 3 kún 4, yóò sì mọ 7. Ẹni tí ó gbọ́ 3 nìkan kò gbọ́ ohun tí ó lè lò. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí ó mọ ohun gbogbo: sátẹ́láìtì náà ni. Ẹni tí ó bá ni sátẹ́láìtì, tàbí ẹni tí ó bá rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀, ni ó ni kọ́kọ́rọ́.

Àwọn Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí jẹ́ ká mọ̀ pé ọwọ́ ìránṣẹ́ ni iṣẹ́ wà, òun ni ó mọ bí yóò ṣe jẹ́ ẹ. Orílẹ̀-èdè tí ó bá ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ sátẹ́láìtì ẹlòmíràn ti fi àṣírí rẹ̀ sí ìkáwọ́ ìwà ẹni náà.

Ọ̀nà kan wà láti bọ́ lọ́wọ́ èyí, Artur Ekert sì ti dábàá rẹ̀ láti ọdún 1991. Ọ̀nà náà ni pé kí a lo hóró ìbejì. Sátẹ́láìtì yóò ta ọ̀kan sí Àjàní àti èkejì sí Àbẹ̀ní. Ìdáhùn wọn kò tíì wà kí àwọn méjèèjì tó fi asẹ́ wò wọ́n, nítorí náà ìránṣẹ́ kò lè mọ̀ ọ́n. Bí ó bá sì gbìyànjú láti mọ̀ ọ́n, ìbejì náà yóò pàdánù ìrẹ́pọ̀ wọn, yóò sì hàn. Ní ọdún 2020, Mozi fi èyí ṣe ní ojú ọ̀run láàárín Delingha àti Nanshan ní Ṣáínà, ibùdó méjì tí kìlómítà 1,120 wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n òǹkà 0.12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n rí gbà. Kọ́kọ́rọ́ tí ó jẹ́ òǹkà 128 péré yóò gba bíi ìṣẹ́jú 18. Bí a bá fi èyí wé mílíọ̀nù kan tí Jinan-1 ń rí ní ìkọjá ẹyọ kan, ó hàn gbangba pé ó gbówó lórí láti má ṣe fọkàn tán ìránṣẹ́. Èyí gan-an ni ó mú kí iṣẹ́ SpooQy-1 ṣe pàtàkì. Bí àpótí kékeré bá lè bí ìbejì, tí a sì lè fi púpọ̀ irú rẹ̀ ránṣẹ́, ohun tí ẹyọ kan kò lè ṣe yá, ọ̀pọ̀ lè ṣe é.

Àwọn Ìdíwọ́ Tí Ó Kù

Ìmọ̀ yìí kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro. Èkíní, ìkùukùu máa ń dí ìmọ́lẹ̀, oòrùn sì máa ń bo hóró kéékèèké mọ́lẹ̀, nítorí náà òru tí ojú ọ̀run mọ́ ni iṣẹ́ ń ya jù. Èkejì, sátẹ́láìtì ń sáré ju kìlómítà 7 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, awò awọ̀nàjíjìn tí ó wà nílẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣì í. Ìdúróṣinṣin yìí nira púpọ̀ fún àpótí tí kò wúwo. Ẹ̀kẹta, amí tí kò lè jí kọ́kọ́rọ́ ṣì lè dí ọ̀nà. Ẹ̀kẹrin, Àjàní gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà láti mọ̀ pé Àbẹ̀ní gan-an ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Láyé àtijọ́, bí wọ́n ṣe fá orí ìlàrí Aláàfin ni ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí ó rán an wá. Hóró ìmọ́lẹ̀ kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kí àwọn méjèèjì ti ní àdéhùn kan tẹ́lẹ̀.

Nítorí àwọn ìdíwọ́ wọ̀nyí ni NSA, àjọ tí ń ṣọ́ ẹnà ìjọba Amẹ́ríkà, kò fi gba àwọn ilé-iṣẹ́ ààbò níyànjú láti gbára lé ìlànà yìí. Ohun tí wọ́n fara mọ́ ni ìṣirò titun tí kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù kò ní lè tú bọ̀rọ̀. Àjọ NIST ní Amẹ́ríkà sì gbé mẹ́ta irú rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Ìṣirò kò nílò sátẹ́láìtì, ó sì ṣeé lò lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ìrètí pé kò sí ẹni tí yóò rí ọ̀nà tú u ni ó dúró lé. Òfin ìṣẹ̀dá ni ti hóró ìmọ́lẹ̀ dúró lé, bí ẹ̀rọ tí ń lò ó tilẹ̀ lè ní àléébù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó ṣeé ṣe kí a lo méjèèjì pọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé hóró ìmọ́lẹ̀ yanjú apá kan nínú ìṣòro tí àrokò kò lè yanjú: ó ń jẹ́ kí a mọ̀ bí ojú ẹlòmíràn bá ti kan ohun tí a rán. Sátẹ́láìtì mú kí èyí kọjá òkun, sátẹ́láìtì kékeré sì mú kí ó sún mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Àpẹẹrẹ Stellenbosch fi hàn pé Áfíríkà lè gba kọ́kọ́rọ́ láti ojú ọ̀run. Ti Àkúrẹ́ fi hàn pé a lè kọ́ àpótí tí yóò lọ síbẹ̀. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà. Ẹni tí ó bá ní ibùdó orí ilẹ̀ nìkan yóò máa dúró de ìránṣẹ́ ẹlòmíràn, yóò sì máa gbà pé òótọ́ ni ó ń jẹ́. Títí di ìgbà tí ọ̀nà hóró ìbejì yóò fi yá tó fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ wa ni pé: ta ni ó ni ìránṣẹ́ náà?